Oyè Balógun Tí A Fi Bo Àṣírí

Ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rántí ojú rẹ̀. "Fún mi! Fún mi!" Bó ṣe máa ń kígbe nìyẹn tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn, bí ẹni pé ẹni náà jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá lábẹ́ àwọn ilé gogoro tó wà ní Yarnton Way ní London níbí, tí afẹ́fẹ́ odò bá gba àárín wọn kọjá, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo máa ń wẹ̀yìn wò. Ìyàwó mi ní kí n gbàdúrà sí i. Mo ti gbàdúrà sí i, mo ti ṣe sàráà sí i, ohùn náà ò lọ. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń rí òkú o, mi ò sì fẹ́ràn àwọn tó ń sọ pé àwọn ń rí i. Mo kàn ń gbọ́ ọ ni.

Èmi ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa nígbà náà, òun ni atamátàsé. Keeper ni gbogbo wọn ń pè mí, Nine ni wọ́n ń pè é, nítorí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mùsùlùmí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Barnfield ni mò ń gbé, mò ń wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn aláìsàn lọ sí ọsibítù. Thamesmead ni òun ń gbé, ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé àwọn òyìnbó tó ti dàgbà láti orí bẹ́ẹ̀dì sínú ìwẹ̀, láti inú ìwẹ̀ sórí àga. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa ń di ènìyàn, nítorí Sátidé la ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ará ìjọ ò ní gbà ká gbá a ní Sunday, kò sì ni àwa mùsùlùmí lára, a ti kí Jímọ̀ọ̀ tán.

Daddy ló ni ẹgbẹ́ náà. Bàbá tó ń ta oúnjẹ ilé wa ní Plumstead High Street ni, iṣu, ẹlùbọ́, gààrí, panla. Òun ló ra ẹ̀wù fún wa, òun ló ń gba pápá, òun náà ló ń sọ ẹni tó máa gbá àti ẹni tó máa jókòó. Ẹ má pè é ní kóòṣì o, torí bàbá yẹn ò mọ ohun tí ófúsáìdì jẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn, tàbí ká kúkú sọ pé òun àti àwa jọ gbà pé ó mọ̀ wọ́n.

Pápá tí a fi ń ṣe ìdánrawò wà lẹ́yìn àwọn ilé kan ní Thamesmead. Ká tó bẹ̀rẹ̀, a máa kọ́kọ́ lé ẹṣin kúrò níbẹ̀. Ẹṣin gidi ni mò ń wí. Àwọn kan ń dà wọ́n káàkiri àdúgbò yẹn, àwọn ẹranko náà á sì yàgbẹ́ síwájú ilé tí mò ń ṣọ́, ibi tí mo máa ṣubú sí gan-an. Inú á bí mi, màá máa bú ẹṣin, màá máa bú ẹni tó ni ín, ọ̀rẹ́ mi á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹ̀rín yẹn mọ́ ọn kí n tó sọ ìyókù. Ènìyàn dáadáa ni.

Ní ìparí sáà kan, nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, òyìnbó tó ń tọ́jú pápá tí gbogbo ẹgbẹ́ líìgì wa jọ ń lò wọnú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ láti gbálẹ̀, ó sì rí abẹ́rẹ́ nínú garawa ìdọ̀tí. Irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù fi ń gún ara wọn kí iṣan wọn lè wú ni. Ariwo ta. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan láti apá ibòmíràn jẹ́wọ́, wọ́n lé wọn, wọ́n sì lé gbogbo ẹgbẹ́ náà tẹ̀lé wọn. Alága líìgì wá pe àwọn tó ni ẹgbẹ́ jọ. Ó ní kí kálukú fi ìsinmi yìí wo inú ilé ara rẹ̀ dáadáa, kó pinnu ẹni tó máa mú àti ẹni tó máa jọ̀wọ́, nítorí bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tí ọwọ́ tẹ ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ẹgbẹ́ ẹni náà ló máa bá a lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa ti ń wo ọ̀rẹ́ mi bí ẹni tí kò wò ó. Kí ló fà á? Ọdún tó ṣáájú, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ ti ń dún, ọmọdékùnrin kan sì ti dé láti Peckham tó ń sáré bí ehoro. Daddy mú un jókòó. Ó jókòó títí Kérésìmesì fi kọjá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tó máa padà sí pápá, ọrùn rẹ̀ ti ki bí ọrùn màlúù. Àyà rẹ̀ yọ. Ó ń fi èjìká ti àwọn òyìnbó ṣubú, ó ń gbá góòlù wọlé bí ẹni ń ju òkúta sódò. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní ààwẹ̀ ló gbà tó bẹ́ẹ̀. Ààwẹ̀ wo ló ń mú ọrùn ènìyàn ki? Èmi náà ń gba Ràmàdáánì lọ́dọọdún, sòkòtò mi kàn ń jábọ́ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n góòlù ń wọlé, kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo lọ kí i nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ó ń dín dòdò, kò wọ ẹ̀wù, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Eéwo ti bò ó láti èjìká dé ìbàdí. Mo bi í léèrè kí ló ṣe é. Ó yí iná sísàlẹ̀.

"Keeper, mo fẹ́ tell ẹ nǹkan kan, but abeg, má vex."

Ó ní ẹnì kan ló ń ta oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn fún òun ní jíìmù kan ní Woolwich, pé òun fúnra òun lòun ń gún un sí ìdí. Mo gbọ́ ìyẹn, mo ṣì rọ́jú. Àfìgbà tó wá sọ èyí tó kù.

"Doctor ti check mi. Wọ́n ní heart mi ti ń tóbi. Wọ́n ní tí mi ò bá stop, ó lè kàn dúró lọ́jọ́ kan."

Bí ẹni ń sọ pé bọ́ọ̀sì lè má tètè dé ló ṣe sọ ọ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo pè é ní ẹni tí ayé ń ṣe, mo ní ṣé nítorí bọ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó ń wò ju ẹṣin lọ ló ṣe fẹ́ kú. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Tí mo bá stop, gbogbo ara yìí á joro. Daddy á drop mi. Kí ni mo tún ní?"

"O ní ẹ̀mí ẹ!"

"Ẹ̀mí tí mo fi ń gbé òyìnbó lọ sí toilet?" Ó jókòó sórí àga ìdáná. "Tí Daddy bá lè sọ fún mi pé, ìwọ, bó o ṣe wà, láìsí power yìí, ẹ̀wù ẹ wà níbí, mo ń stop lọ́la. I swear. Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn o. Keeper, nítorí Ọlọ́run, má sọ."

Mi ò ṣèlérí kankan. Mo jẹ dòdò náà, mo sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ṣọ́ọ̀bù Daddy lọ, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀mí ṣe àṣírí. Daddy ń fi ayùn gé òkúpọ́rọ́kọ́ nígbà tí mo wọlé. Ó dá ayùn dúró, ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní, "Daddy, ẹ pè é. Ẹ sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé ẹ ti gbọ́, kó fi sílẹ̀, pé ẹ̀wù ẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni. Á fi í sílẹ̀." Ó mi orí. Omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Mo tiẹ̀ kọrin nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyá arúgbó kan tí mò ń gbé lọ sí ọsibítù ní kí n dákẹ́.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìsìn tán, Daddy pe àwa àgbà ẹgbẹ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. A jókòó sórí páálí iṣu àti àpò ẹ̀wà. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tí a máa mú fún sáà tuntun. Ó sọ ohun tí mo sọ fún un. Ẹnì kan ní ká lé Nine kíá, ká fi ọmọ Peckham sípò rẹ̀ kí líìgì tó gbọ́. Daddy gbójú sókè.

"Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Mi ò lé e. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Nílé bàbá mi n'Íjẹ̀bú, ọmọ tó bá ń yọ ẹran nínú ìkòkò, wọn kì í nà án. Òun ni ìyá wa máa ní kó máa ṣọ́ ìkòkò. Ojú á tì í. Kò ní lè jí ohun tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Captain la máa fi í ṣe. Tó bá ti mọ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ ń wo òun, fúnra ẹ̀ ló máa ju abẹ́rẹ́ yẹn nù. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé a mọ̀ o. Ká bo àṣírí ẹ̀ ni."

Gbogbo wọn ní "Háà, Daddy! Ọgbọ́n àgbà nìyẹn." Wọ́n ń yọ̀. Èmi dìde.

"Daddy, kò ní yé e bẹ́ẹ̀. Agbára yẹn ló rò pé ó jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn òun. Tẹ́ ẹ bá fi í joyè, á ní agbára yẹn ló fún òun. Ẹ kàn sọ fún un!"

"Kí n pe ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kí n máa sọ fún un pé mo mọ ohun tó ń gún sí ìdí? Kí n fojú ẹ̀ gbolẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ n'Íbàdàn nìyẹn?"

Mo fi ìkúùkù lu páálí tó wà níwájú mi, ó ya, àlùbọ́sà sì tú dà sílẹ̀. Daddy kò bínú. Ó ní, "Keeper, jókòó." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àlùbọ́sà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù títí di báyìí ni pé ìmọ̀ràn náà dára. Bí ẹ bá gbé e síwájú àwọn àgbà ní agboolé wa ní Ìbàdàn, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a máa fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Daddy kàn fẹ́ fi ọ̀tún nìkan ṣe é ni. Ìfẹ́ ló ṣe é. Mo ti wá ìkórìíra nínú rẹ̀ títí, ká ní mo rí i ni, ǹ bá ti sinmi.

Wọ́n fi í jẹ balógun ẹgbẹ́ ní ìparí oṣù July, lórí pápá. Wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà, àfáà wa náà gbàdúrà, Daddy sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọ̀já balógun wọ̀ ọ́ lápá. Ó há, apá náà ti tóbi jù. Ọkùnrin ńlá yẹn bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa. Daddy yí ojú wò mí, bí ẹni ń sọ pé, ṣé o rí i, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àwọn tó kù ń lọ, ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ mi. Òógùn rẹ̀ ń rùn bí oògùn ọsibítù.

"Ṣé o rí i báyìí? O ní kí n stop. Ká ní mo stop ni, ṣé wọ́n á fún mi?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀. Mo sọ fún Daddy. Gbogbo wọn ló mọ̀. Nítorí kó o lè fi í sílẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹ."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín sí mi lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin.

"Keeper! Ta ló ń fi olè joyè? Tí Daddy bá mọ̀ ni, ṣé kò ní lé mi bí ajá?"

Mo fi Kùránì búra fún un. Ó ní owú ni mò ń jẹ, pé èmi náà fẹ́ jẹ captain. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó sì lọ.

Oṣù August yẹn, ara rẹ̀ tún wú sí i. Òun ló ń kọ́kọ́ dé pápá, òun ló ń dá ẹṣin lé. Ó ń sáré yí pápá ká nígbà tí àwa bá ń mu omi. Mo bi í léèrè bóyá ó ti dín in kù. Ó ní, "Captain ò gbọdọ̀ rọ." Mo tún gba ọ̀dọ̀ Daddy lọ. Ó ń kó iṣu sórí àtẹ. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé oyè náà ò tíì wọ̀ ọ́ lára ni. Mo ní, "Daddy, ìgbà wo ló máa wọ̀ ọ́?" Ó ní ohun tí kò bá tíì yá, a máa ń fún un láyè ni. Ọ̀rọ̀ náà ò yé òun gan-an mọ́, mo rí i lójú rẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà á. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń gba oyè tó ti fi ẹnì kan jẹ padà láìsọ ìdí?

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣubú, oòrùn ṣì mú. A pín ara wa sí ọ̀nà méjì, ó wà lápá kejì sí mi. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, mo gbọ́ ọ: "Fún mi!" Bọ́ọ̀lù náà ga, mo jáde síta, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá fi èjìká gbá mi, mo ti múra sílẹ̀. Kò dé. Mo mú bọ́ọ̀lù náà wẹ́rẹ́, mo sì bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé ó fẹ́ tàn mí ni. Nígbà tí mo yíjú, ó wà lórí eékún rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà. Lẹ́yìn náà ló dojú bolẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé aláìsàn. Mo ti rí ojú ẹni tó máa padà bọ̀ àti ojú ẹni tí kò ní padà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí áńbúláǹsì fi dé, mò ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe Nine. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró.

London la sin ín sí. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú, obìnrin kékeré kan tó rọra ń rìn nínú kóòtù tí ẹnì kan yá a. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ fún un ju pé àìsàn ọkàn ni. Daddy ní ká bo àṣírí ọmọ náà. Mo ti múra pé èmi ló máa sọ ọ́, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wọn, mo gbọ́ tí màmá náà ń béèrè pé, "Àwọn wo ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọ mi?" Wọ́n nawọ́ sí wa. A dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ẹ̀wù bọ́ọ̀lù wa, Daddy ló wà níwájú. Màmá náà rìn wá síwájú wa, ó sì kúnlẹ̀. Ẹni tó lè bí gbogbo wa, àfi Daddy. A pariwo, "Háà, Mummy, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Kò dìde.

"Ẹ jẹ́ n dúpẹ́ ni. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, tó bá pè mí lórí fóònù, ohùn ẹ̀ kì í dùn. Ó máa ní kò sí nǹkan, èmi sì mọ̀ pé nǹkan wà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í jẹ olórí yín, ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Màámi, èmi ni wọ́n mú nínú gbogbo wọn.' Mo jó nínú ilé mi. Ẹ bá mi dá ọmọ mi lọ́lá kó tó lọ."

Daddy nawọ́ láti gbé e dìde, òun náà sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ń sunkún. Màmá náà rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì. Ta ló máa gba ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó wá gbé ojú sókè, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún wa, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é, tí kì í fún ènìyàn láyè láti ronú.

"Bẹ́ ẹ ṣe ṣe fún ọmọ mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á rán ẹni tó máa ṣe é fún ọmọ tiyín náà."

Gbogbo wa ní, "Àmín." Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo gbà. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà.